Ilẹ̀ Abẹ́ Ọkọ̀

Mẹkáníìkì kan wà tí ó mọ ẹ́ńjìnnì bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni bá a gbálẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Ọkọ̀ mẹ́ta ló gbà. Bí ìkẹrin bá wọlé, ọ̀kan ní láti jáde. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà níbẹ̀, epo tí ó sì ti ń kán sórí sìmẹ́ńtì láti ọjọ́ yìí ti dì mọ́lẹ̀ bí awọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbà síṣẹ́ kì í gbá ibòmíràn ju ibi tí ojú ọ̀gá bá wà. Bí ọ̀gá bá ti ń rìn, òun náà a máa tẹ̀ lé e tìgbálẹ̀-tìgbálẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló mọ́, láti ìdí tábìlì irinṣẹ́ dé ẹnu ilé ìyàgbẹ́. Ẹnì kejì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó kí ọ̀gá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì padà sílé. Ẹnì kẹta da omi ọṣẹ lé epo lórí, ó ní kí ó máa rin. Ó ń rin lọ́wọ́ nígbà tí bàbá onílé wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun, tí ó sì jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní àga.

Bàbá onílé kò pariwo. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì. Tí mo bá padà wá ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì òní, tí mo tún rí epo nílẹ̀ yìí, ẹ máa kó ẹrù yín."

"Ẹ jẹ́ kí n fà yín dìde, sà."

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ ti ṣe tó."

Nígbà tí ọ̀gá délé, ó ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn wa ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò tíì sinmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó jókòó."

"Ṣé ó lè kápá epo?"

"Òun ló máa ń nu ẹ̀yìn dùùrù. Ta ló ń nu ẹ̀yìn dùùrù?"

Bí obìnrin náà ṣe dé nìyẹn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó tọrọ iyẹ̀ igi lọ́dọ̀ káfíńtà, ó dà á sórí epo kí ó fà á mu, ó fi ṣọ́bìrì ha á, ó tún da òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ha ilẹ̀ náà, tí ó ń kọ orin ìsìn wúyẹ́wúyẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá rí i pé eérú ni àwọ̀ sìmẹ́ńtì òun. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú kọ́nà kan tí ìgbálẹ̀ kò dé rí, obìnrin náà rí ẹsẹ̀ bàtà kan tí ọ̀gá ti ju ìkejì rẹ̀ nù láti ọdún márùn-ún. Ọ̀gá bá sọ ọ́ ní Ìyá Kọ́nà, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ọ̀gá ń gbà ṣiṣẹ́ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò kà á sí nǹkan. Bí ohun kan bá ń ṣe ọkọ̀, á jẹ́ kí ó sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, á bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Bó bá rí dúdú, ẹ́ńjìnnì ni. Bó bá rí pupa, gíà ni. Bó bá rí àwọ̀ ewé, omi rédíétọ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tíṣà kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá pé ó ń gbóná. Ọkọ̀ náà sùn síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ mọ́ bí àwo.

Ó ní, "Tíṣà, ọkọ̀ yín ò jò rárá. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà."

Tíṣà lọ ní àlàáfíà dé òpópó kejì. Ibẹ̀ ni èéfín ti bo ọkọ̀. Wọ́n tì í padà wá, tíṣà ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n ní kó gbàdúrà fún ọ̀tá.

Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó wo Ìyá Kọ́nà.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ nu abẹ́ ọkọ̀ tíṣà?"

"Èmi ni. Ṣé abẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ni?"

"Ilẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan máa nu ibẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti wà níbí, ẹnikẹ́ni ò nu ibẹ̀ rí."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀."

Ọkàn ọ̀gá wá pín sí méjì. Bó bá ní kí ìyá yìí fi abẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, Jímọ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, bàbá onílé yóò rí epo. Bó bá jẹ́ kó máa nù ún, kò ní pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà yóò fi mọ́ tónítóní, tí kò ní sí ọkọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ìyá Kọ́nà ń wò ó. Ó ní, "Aláwọ̀ ewé ni. Ó fẹ̀ tó ẹnu abọ́. Ìbú ọwọ́ kan sí táyà iwájú, lápá ọ̀tún."

"Kí ló fẹ̀ tó ẹnu abọ́?"

"Ohun tí mo nù. Àbí ẹ rò pé mo máa ń dijú nulẹ̀ ni?"

Ọ̀gá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ní ìbú ọwọ́ kan sí táyà iwájú, lápá ọ̀tún, rọ́bà omi ti ya.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀gá bá ti wọlé láàárọ̀, Ìyá Kọ́nà á dìde dúró bí akọ̀wé ẹgbẹ́. "Ọkọ̀ funfun, dúdú, ẹ̀kán mẹ́ta, láàárín. Ọkọ̀ pupa, kò sí nǹkan kan, ó kàn dọ̀tí ni."

Jímọ̀ pé. Bàbá onílé wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ àárín ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti kọ́gbọ́n. Ó yọ áńkáṣífù, ó fi nu abẹ́ tábìlì, ó fi nu kọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Áńkáṣífù mọ́ síbẹ̀. Inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Nígbà tí ó padà dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó dúró.

"Kí ni mo sọ? Kí nìyí?"

Ẹ̀kán kan wà nílẹ̀ nítòsí táyà ẹ̀yìn. Ìyá Kọ́nà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì kàn án.

"Kò dúdú," ó ní. "Ó ń yọ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá dé."

Ọ̀gá mọ̀ pé bí òun bá tọrọ àforíjì, bóyá bàbá yóò fojú fò ó, yóò sì máa wa ọkọ̀ náà lọ. Ó mí kanlẹ̀.

"Epo bíréèkì ni, sà. Ara ọkọ̀ yín ló ti ń kán. Ẹ ò lè wà á kúrò níbí."

"Ẹ fẹ́ sọ pé èmi ni mo da epo sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti ìgbà wo ló ti ń jò?"

"Mi ò lè sọ. Bóyá ilẹ̀ ibi tí ẹ máa ń gbé e sí ò mọ́ tó kéèyàn rí i."

Bàbá onílé wo ilẹ̀ títí. Lójú rẹ̀ ni ẹ̀kán kejì ṣe kán. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí ọ̀gá.

"Ìgbà wo ló máa ṣe tán?"

"Ọ̀la, lọ́sàn-án."

"Ó dáa. Ẹ má kó ẹrù kankan." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ìyá, ṣé ẹ lè máa bá mi yọjú sí ilé tèmi náà?"

"Rárá, sà. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Bàbá onílé fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ìyá Kọ́nà mú àkísà.

"Ẹ dúró ná, ìyá, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Mo ti wò ó," ni Ìyá Kọ́nà wí, ó sì nù ún kúrò.

Ọ̀gá mú sípánà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.