Odó Nínú Ilé Alásopọ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mùínàt fi gbé yàrá àyágbé ní Ìjerò kí ó tó ra ilé tirẹ̀ ní Aramọkọ. Ilé kẹta ni nínú mẹ́fà tí wọ́n so mọ́ra bí eyín inú ẹnu. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé kan àti èkejì. Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe rà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá náà ti ṣubú ní Ìlogbò níbi tó ń dá gbé, tó ń ké, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mùínàt ti búra pé kò ní sí ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ìyá dé tòun ti odó. Iyán àkọ́kọ́ kò tíì kúnná tí wọ́n fi ń gbá ògiri gbà-gbà-gbà. Pius ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì, tó máa ń pe Mùínàt ní Alhaja.

“Alhaja! Àwo ìyàwó mi ti já bọ́ lára ògiri o!”

Ìyá kò gbé ọmọ odó sílẹ̀. “Tíṣà, ta ló ní kí ẹ fi àwo kọ́ ògiri? Ṣé ògiri ń jẹun ni?”

Mùínàt ra ẹ̀rọ agúnyán. Ìyá tọ́ iyán rẹ̀ wò, ó tì í sẹ́yìn. “Lẹ́ẹ̀ lèyí. Bébà ni kí o fi í lẹ̀.” Bisikíìtì ló jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó ku ẹ̀yìnkùlé, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré, kọnkéré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mùínàt fúnra rẹ̀ ló gbé odó lọ síbẹ̀. “Ẹ máa gún un níbí, Màámi. Ó jìnnà sí ògiri.” Iyán ọjọ́ náà funfun, ó ń fà. Wọ́n bu abọ́ kan fún Pius pàápàá, ó ní òun ò rántí àwo mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, kọnkéré là lábẹ́ odó, òórùn sì gba ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Orí ṣọ́kàwéè, kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń lò, ni Mùínàt gbé odó lé. Ó ti rí ìdérí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ra ilé. Òun tí kì í gbàgbé ohunkóhun!

Lydia, alága àwọn onílé, ló wá bá a. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Odó ò gbọdọ̀ dún níbí mọ́.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbé e sórí ilẹ̀ lásán.”

“Ilẹ̀ wo?”

Mùínàt wò yíká. Kò rí ilẹ̀.

Ìyá ti ń di ẹrù láti padà sí Ìlogbò. “Ulé rẹ dára, ọmọ mi. Kò kàn ní ilẹ̀ ni.”

“Bí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́?”

“Orí ilẹ̀ ni màá ṣubú sí.”

Wọ́n gbé odó sí bùútù ọkọ̀, ọkọ̀ sì gbé Ìyá lọ. Nígbà tí Mùínàt padà wọlé, inú bí i débi pé ó fi ìkúùkù gbá ògiri, ẹ̀ẹ̀kan péré.

“Alhaja, ṣé kò sí o?” Ohùn Pius wọlé ketekete, bíi pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí.

Mùínàt fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà. Níbí, wọ́n gbọ́ ìkúùkù kan. Ní Ìlogbò, ìyá rẹ̀ lè ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.