Òkú Yàrá Kejìlá Tó Kọ̀ Láti Tọwọ́ Bọ̀wé

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Verlene Stidham ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé àwọn àgbà tó wà ní Pigeon Gap, lórí òkè West Virginia níbẹ̀ yẹn, nọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n sì ń pè é. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni o. Ó ga, ó sì sanra dáadáa. Kò sí ohun tó kéré lára ẹ̀ bí kò ṣe owó iṣẹ́ ẹ̀. Ìjọba ló pín wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kàwé nọ́ọ̀sì fún ọdún kan, nọ́ọ̀sì kékeré ni. Ẹni tó bá kà á fún ọdún méjì tàbí mẹ́rin, nọ́ọ̀sì àgbà ni, ì báà jẹ́ àná ló jáde nílé ìwé. Nọ́ọ̀sì kékeré lè fúnni lóògùn, ó lè di egbò, ó lè gúnni lábẹ́rẹ́, ó lè dá nìkan máa tọ́jú ọgbọ̀n èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ ṣe: kò gbọdọ̀ sọ ohun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni. Bí ẹsẹ̀ bá wú, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ̀ wú. Ohun tó mú un wú, ẹnu nọ́ọ̀sì àgbà la ti máa gbọ́ ọ. Bí èèyàn bá sì kú, kó kọ ọ́ pé òun ò rí i kó mí, kó wá jókòó de nọ́ọ̀sì àgbà tí yóò wá fún un láṣẹ láti kú.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Verlene kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá ilé náà. Trent Lockard lorúkọ ọ̀gá yìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó máa ń pe gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá jù ú lọ ní Mọ̀mí, tó sì gbà pé pípè yẹn ti tó owó.

"Ọ̀gá Lockard, ó ti pé ọdún mẹ́fà tẹ́ ẹ ti fi nǹkan kún owó wa gbẹ̀yìn. Ilé ìkẹ́rù tí wọ́n ti ń di oúnjẹ ajá lẹ́bàá títì ti kọ iye tí wọ́n ń san ní wákàtí sára pátákó. Dọ́là méjì péré ló kù kí wọ́n bá mi."

"Mọ̀mí wa! Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lòpó ilé yìí?"

"Òpó náà ló ní kí ẹ fi dọ́là mẹ́ta kún un."

Lockard rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ́. "Mọ̀mí, ẹ má bínú sí mi. Ìlú Charlotte làwọn tó nilé yìí wà, ọwọ́ wọn lowó wà. Wọ́n ní ẹni tó ń lo làákàyè nídìí iṣẹ́ làwọn ń sanwó ńlá fún. Iṣẹ́ tiyín, ẹ rí i, ẹ kọ ọ́, ó parí. Òfin ló wí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́. Bí ẹ bá lọ lo làákàyè pẹ́nrẹ́n, ìwé àṣẹ tẹ́ ẹ fi ń ṣe nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa gbà."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Verlene wọ eegun. Ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀ kó jẹ búrẹ́dì pẹpẹróní, búrẹ́dì tí wọ́n di ẹran sí nínú, tó gbé wá láti ilé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ẹ rí i, ẹ kọ ọ́! Ó dá búrẹ́dì náà padà sínú bébà, ó nu ojú ẹ̀, ó wọlé lọ máa pín oògùn ọ̀sán.

Ẹni tó tún ń bu iyọ̀ sí egbò náà ni Hobart Muncy, bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó wà ní yàrá kejìlá. Awakùsà èédú ni Bàbá Muncy nígbà ayé agbára ẹ̀, ó sì fi ogún ọdún ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn awakùsà. Wọ́n ní kò sí ọ̀gá iléeṣẹ́ kankan tó bá a jókòó sọ̀rọ̀ owó tí orí kì í fọ́ dé ilé. Eruku èédú ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀.

"Kékeré," á pe Verlene bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, "nọ́ọ̀sì gidi dà?"

"Ó ń kọ̀wé, Bàbá Muncy. Ẹ lanu."

"Ìwọ náà lo tún fẹ́ fún mi lóògùn?"

"Èmi náà ni mo ti ń fún yín láti ọdún mẹ́ta. Ẹ ò tíì kú."

"Kì í ṣe nípa ọgbọ́n tìẹ."

Mímí bàbá yìí kì í ṣe irú ti gbogbo ayé. Á mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin kíákíá, á wá dákẹ́ lọ gbáà. Verlene ti fi aago ọwọ́ kà á rí: ó dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kó tó rántí ara ẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé bàbá náà. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ohun tí nọ́ọ̀sì kékeré bá kọ?

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kẹrin rèé tí bàbá ò ti jẹun. Ara ẹ̀ tutù, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Gbogbo èèyàn ló ti ń fọkàn sí i pé ó máa kú. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni Brielle Hatcher, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, kì í ra kọfí kó má ra ti Verlene. Ó fi okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé bàbá lórí súẹ́tà, ó ń gbọ́. Ó gbọ́ ọ dé ààbọ̀ ìṣẹ́jú, fóònù dún lápò ẹ̀, ó yọ okùn létí. Ó jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì kọ ikú bàbá sínú kọ̀ǹpútà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti kọ̀ǹpútà tilẹ̀ tún burú ju ti ẹyin lọ. Bí wọ́n bá ti kọ ikú síbẹ̀, orúkọ á di aláwọ̀ eérú lójú ẹ̀rọ, oògùn á dúró, ilé ìdáná á yọ abọ́ ẹ̀ kúrò, ibùsùn á sì di òfìfo.

"Màmá Verlene," ni Brielle wí, omi ti lé ròrò lójú ẹ̀, "Bàbá Muncy ti lọ. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Láràárọ̀ ni bàbá yẹn ń bú Verlene, síbẹ̀ ó dùn ún. Ó bu omi gbígbóná, ó mú aṣọ ìnura, ó wọlé lọ nu ojú òkú bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo wọn. Ó ń nu àgbọ̀n bàbá lọ́wọ́ ni àyà bàbá bá gbéra sókè. Verlene dúró. Ó wo aago. Àyà tún gbéra.

"Brielle! Kò tíì kú o."

Brielle sá wọlé. "Atẹ́gùn tó ṣẹ́kù nínú ara ló ń jáde, Màmá. Wọ́n kọ́ wa níléèwé."

"Ó ti jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mélòó ló ṣẹ́kù sínú ẹ̀? Lọ pa ohun tó o kọ yẹn rẹ́."

"Kò ṣe é pa rẹ́! Mo ti pe àwọn agbókùú." Jìnnìjìnnì bo ọmọbìnrin náà. "Màmá, wọ́n máa lé mi."

Kò pẹ́ náà ni àwọn agbókùú méjì dé pẹ̀lú ibùsùn onítáyà wọn, Lockard ló ṣáájú. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wo Brielle, ó wo Verlene, ó sì mú ẹni tí owó ẹ̀ kéré.

"Mọ̀mí, ẹ rántí ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ lọ́jọ́ Ajé. Nọ́ọ̀sì àgbà ti sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ta kò wọ́n, ìwé àṣẹ yín nìyẹn o."

Ìwé àṣẹ yẹn ni Verlene ń jẹ, òun ló ń mu. Ẹ̀yìn ọkọ ẹ̀ ti yẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ilé ló jókòó sí. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, kí á má tíì sọ ti arúgbó. Ó fìdí lé orí ibùsùn ní apá ìsàlẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan.

"Mi ò ta ko ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ohun tí mo bá rí ni mo ń kọ."

Ó sì kọ ọ́ báyìí:

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì: òkú mí.

Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì: òkú mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì: òkú wúkọ́. Ọ̀kan nínú àwọn agbókùú tó ti ṣí fìlà dé e padà.

"Ẹ jọ̀ọ́," agbókùú náà bi wọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "àbí ká padà wá lọ́la ni?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ohùn kan ti jáde láti orí ìrọ̀rí.

"Kékeré. Ẹsẹ̀ mi lo jókòó lé."

Verlene dìde kúrò lórí ẹsẹ̀ náà, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Dókítà wá lọ́sàn-án, ó gbọ́ àyà bàbá, ó ní òótọ́ ni pé ó wà láàyè, ó pààrọ̀ oògùn, ó lọ. Nígbà tó máa di Ọjọ́bọ̀, bàbá ti ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo, láti inú abọ́ Verlene fúnra ẹ̀, torí ilé ìdáná ò gbà láti gbé oúnjẹ fún òkú. Kọ̀ǹpútà ò ní ọ̀nà kankan láti jí èèyàn dìde. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni kí bàbá tọwọ́ bọ̀wé pé àlejò tuntun ni òun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ní aago mẹ́wàá. Lockard ò fẹ́ kí wọ́n bá èèyàn tó ń jẹ ẹ̀wà lórí ibùsùn tí ìwé pè ní òfìfo.

Ó kó ìwé wá fún bàbá. Bàbá wọ ìgò ojú, ó kà á fínnífínní bó ṣe máa ń ka ìwé àwọn ọ̀gá kùsà láyé àtijọ́. Ní ojú ewé kejì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Nọ́ọ̀sì Hatcher ló tún bàbá yẹ̀ wò, tó sì rí i fúnra ẹ̀ pé ó ń mí.

"Ta ló rí mi?"

"Gbogbo ẹgbẹ́ olùtọ́jú ni, Bàbá."

"Mo ti ṣe olórí ẹgbẹ́ rí. Ẹgbẹ́ kì í rí nǹkan kan. Ta ló rí mi?"

Brielle tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló fèsì. "Màmá Verlene ni. Èmi kọ́. Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò ní tọwọ́ bọ ìwé yẹn."

"Ẹ gbọ́, òfin ò gba Mọ̀mí láàyè láti rí irú ẹ̀," ni Lockard wí.

Bàbá yíjú sí Verlene tó gbé kọfí dání. "Kékeré, èló ni wọ́n ń san fún ọ?"

"Dọ́là mẹ́tàlélógún ní wákàtí, Bàbá."

"Àwọn tó ń di oúnjẹ ajá ńkọ́?"

"Mọ́kànlélógún."

Bàbá dákẹ́. Lockard rò pé bí mímí ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, àṣé ìṣirò ló ń ṣe. "Ẹ̀yin mélòó ni nọ́ọ̀sì kékeré nílé yìí?"

"Mẹ́fà."

"Dọ́là mẹ́rin kún owó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí orúkọ Kékeré yìí sì wà nínú ìwé pé òun ló rí mi." Ó fi bírò lélẹ̀. "Títí dìgbà yẹn, òkú ni mí. Òkú kì í tọwọ́ bọ̀wé."

Lockard bẹ̀ ẹ́. Ó pè é ní Bàbá wa, ó pè é ní Dádì, ó pè é ní ọ̀pómúléró. Bàbá di ojú, ó ká ọwọ́ sí àyà bíi òkú gidi. Ní ìrọ̀lẹ́, Lockard pe àwọn tó nilé ní Charlotte. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó dé pẹ̀lú dọ́là kan, fún Verlene nìkan.

"Ẹ gbà á, Bàbá," Verlene sọ ọ́ sí i létí. "Ọ̀kan náà dára."

"Dákẹ́. O ò mọ̀ ọ́n ṣe." Bàbá ò la ojú. "Gbogbo wọn."

Ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ ìjọba funfun kan yà sínú ọgbà. Lockard rí i láti ojú fèrèsé. Wọ́n parí ẹ̀ sí dọ́là méjì àbọ̀ fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bàbá ní kó kọ ọ́, kó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó kọ orúkọ Verlene sójú ewé kejì, kó sì kọ Nọ́ọ̀sì síwájú ẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá tó mú bírò, tó ń kọ orúkọ ara ẹ̀ lẹ́tà kan lẹ́tà kan, tí òógùn ń bo Lockard. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì ló padà sáyé.

Verlene sún mọ́ ibùsùn. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni."

"Mo béèrè mẹ́rin, méjì àbọ̀ ni mo gbà. Kí lo ń dúpẹ́ sí?" Ó fa aṣọ bora. "Kékeré, nọ́ọ̀sì gidi dà? Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ọ̀rọ̀ náà bá Verlene lójijì. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹrin ọdún ni bàbá tó kú lóòótọ́, nígbà tí àlùbọ́sà igbó ti hù lórí òkè, tí òórùn ẹ̀ gba gbogbo Pigeon Gap. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá ń pariwo nọ́ọ̀sì gidi, nọ́ọ̀sì gidi, bó ṣe máa ń ṣe. Brielle sáré wọlé. Bàbá wò ó tìyanutìyanu.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ló wí, ohùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. "Lọ bá mi pe nọ́ọ̀sì gidi wá. Èyí tó sanra yẹn."

Brielle lọ pe Verlene nídìí kẹ̀kẹ́ oògùn, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bí bàbá ṣe sọ ọ́, kò yọ sísanra kúrò. Verlene fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó jókòó ti bàbá, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú títí ọ̀sán fi pọ́n.

Nígbà tí mímí dúró, Brielle wọlé. Ó ká súẹ́tà bàbá sókè, ó fi okùn lé àyà gan-an, ó gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan, ó tún gbọ́ ọ fún òmíràn. Ó yọ okùn létí. Òun nìkan ni òfin fún láṣẹ, kọ̀ǹpútà sì wà níwájú ẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó dúró, ó ń wo Verlene.

Verlene ò gbójú kúrò lára bàbá. Ó ń wo aago ọwọ́ ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ń ka ìṣẹ́jú lọ. Ó kà á pé márùn-ún.

"Kọ ọ́," ló wí.

Brielle sì kọ ọ́.