Ta Ló Ní Kí Ẹ Pààrọ̀ Rẹ̀?

Òórùn ẹyin ló kọ́kọ́ pàdé Zubaidah lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe òórùn ẹyin tí ènìyàn ń sè jẹ láàárọ̀ o. Ẹyin tí ẹ̀mí ti wà nínú rẹ̀ ni, tí iná wá sè pa. Ó di àpò kọ̀ǹpútà rẹ̀ mú, ó wọlé.

"Salaam alaekun, mà."

Màmá Mùjíbátù, ọlọ́sìn tòlótòló tó ni ilé náà, dáhùn, ṣùgbọ́n wọn kò yíjú padà. Wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìsàba, wọ́n da ẹyin tòlótòló sórí àpò níwájú wọn. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù tẹ́lẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ pa ọmọ.

Ọ́fíìsì kan ní Alákìá ni Zubaidah ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ni wọ́n kó ẹ̀rọ ìsàba fún àwọn ọlọ́sìn adìẹ àti tòlótòló ní Akínyẹlé, Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, àwọn kọ̀ǹpútà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn tí ọwọ́ kò lè kàn sì tún wà nínú ìyẹn. Fáṣúà maṣíìnì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀kan ń ṣọ́ ooru, ọ̀kan ń yí ẹyin, ọ̀kan ń ròyìn fún ọ́fíìsì. Ohun gbogbo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni wọ́n ń dì bí ẹrù láti Alákìá; ẹrù náà ni wọ́n ń pè ní ímeèjì kọntéínà. Bí àtúnṣe bá dé, ẹnikẹ́ni kì í tún ti àtijọ́ ṣe. Wọn á yọ ọ́ dànù, wọn á fi ímeèjì tuntun gbé òmíràn dìde kí ojú tó ṣẹ́.

Zubaidah fẹ́ràn iṣẹ́ yìí bí ojú, nítorí ó lè ti inú ẹrù kan náà ṣe ti oko kọ̀ọ̀kan, bí télọ̀ ṣe ń gé aṣọ bá ara. Nígbà tí ohun tí ń wọn ooru bàjẹ́ lọ́dọ̀ Màmá, oríṣi mìíràn ni wọ́n rí rà. Zubaidah fi ìmọ̀ nípa rẹ̀ kún ímeèjì Màmá, ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́ geerege.

Àfi bí Fọlájìmí, ọ̀gá wọn, ṣe ní wàhálà ni kí oko kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ímeèjì kan ṣoṣo ló fẹ́ fún gbogbo oko.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ti Màmá ní Akínyẹlé," Zubaidah bẹ̀ ẹ́ lánàá. "Ímeèjì yẹn kò ní gbọ́ èdè ohun tí ń wọn ooru níbẹ̀."

Fọlájìmí rẹ́rìn-ín, ó sì fi ránṣẹ́. Ó tún pa ti àtijọ́ rẹ́, ó ní ó ń gba àyè. Láti ìgbà náà, òtútù ṣáá ni ẹ̀rọ Màmá ń gbọ́, ó sì ń pe iná sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹyin ti jinná.

"Sọ fún màmá yẹn pé iná mànàmáná ló ṣe é," Fọlájìmí sọ láàárọ̀. "Tàbí pé wọ́n fọwọ́ kan nǹkan."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Zubaidah ń jẹ lẹ́nu bí ìyẹ̀pẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Mọ́níyà. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ẹ̀dà ímeèjì Màmá tó ṣì wà nínú rẹ̀ dá ẹ̀rọ náà padà sípò. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

"Ó ti sàn?" Màmá béèrè.

"Ó ti sàn, mà."

"Fún ta ni?"

Màmá fi ọwọ́ kan ẹyin kan lórí àpò.

"Kí ló ṣe é, ọmọ yìí?"

"Àwa ni, mà. Ọ́fíìsì wa ló pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ lánàá. Kì í ṣe iná, kì í ṣe ọwọ́ yín."

Màmá dìde. "Ta ló ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀? Ilé mi ló wà! Ẹyin mi ló wà nínú rẹ̀! Ẹ jókòó sí Alákìá, ẹ nawọ́ wọ inú ilé mi, ẹ ò tilẹ̀ kanlẹ̀kùn! Bí olè bá ń bọ̀, ajá a ṣáà gbó!"

"Ẹ má bínú, mà."

"Màá bínú! Ǹjẹ́ mo lè sọ fún nǹkan yìí pé rárá?"

"Kò tíì sí bẹ́ẹ̀, mà."

"Ṣe é kó sí."

Zubaidah jókòó sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ó dí ọ̀nà tí ọ́fíìsì ń gbà wọlé. Láti ìsinsìnyí, bí ímeèjì tuntun bá dé, fóònù Màmá ni yóò kọ́kọ́ dún. Bí Màmá kò bá gbà, kò ní wọlé. Bí wọ́n bá sì gbà, ti àtijọ́ yóò wà ní ìpamọ́ títí tuntun yóò fi yege.

Kò pẹ́ tí Fọlájìmí fi pè.

"Zubaidah, mi ò rí oko Akínyẹlé mọ́ lórí kọ̀ǹpútà mi!"

"Èmi ni mo tìlẹ̀kùn, sà. Mo sì ti sọ òótọ́ fún wọn."

"O ya wèrè ni? Ṣí i kíá!"

"Ẹ wá tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

"Má wá síbi iṣẹ́ mọ́!"

"Mo gbọ́, sà. Ẹyin ni iná sè pa, kì í ṣe èmi."

Ó pa fóònù. Ó retí kí Màmá kí i kú iṣẹ́. Wọn kò kí i. Apá kan àpò ẹyin ni wọ́n nà sí i, àwọn méjèèjì sì gbé e lọ sẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́. Ẹyin kan já bọ́, ó fọ́. Ọmọ tòlótòló inú rẹ̀ ti hu ìyẹ́. Màmá wò ó títí, wọ́n sì fi ọkọ́ wa ilẹ̀ bo gbogbo wọn.

"Ọ́fíìsì yín yẹn, ṣé o mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lé mi."

"Ọ̀nà ni mo ní kí o júwe, mi ò ní kí o wọlé." Màmá ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n tún ìborùn wọn wé. "Dúró kí n fọ ẹsẹ̀, ká jọ lọ."