Aṣọ Ìyàwó Tó Ń Mú Ìyá Sín

Àárín ètè ni Ìyá Aránṣọ máa ń há píìnì rẹ̀ sí bó bá ń ránṣọ. Bó ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn, kò sì gbé ọ̀kan mì rí. Àmọ́ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni imú rẹ̀ ti bá a dọ̀tá. Bó bá ti sún mọ́ ṣẹ́dà funfun yẹn, tó máa ń fà kọ́ sẹ́yìnkùlé láràárọ̀ kó lè gbatẹ́gùn, imú á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ojú á pọ́n bíi ti ẹni tó ń gé àlùbọ́sà, kó sì tó ráyè tu píìnì sọ́wọ́, ó ti sín. Píìnì á fò káàkiri yàrá, ọkọ rẹ̀ á sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga.

"O ò ní sọ ara ẹ di opó kí ọmọ tó relé ọkọ," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ wọ bàtà, Bàbá."

Àwàdà nìyẹn lẹ́nu, kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Ìyá Aránṣọ. Kò sí ìyàwó tuntun kan ládùúgbò tí kì í ṣe òun ló rán aṣọ rẹ̀. Ọmọ tó bí ló wá kù. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan, apá aṣọ kò tíì dúró.

"Màmá," ni ọmọ náà rọra sọ, "ẹ jẹ́ ká gbé e fún télọ̀ òdìkejì títì. Mi ò ní bínú."

"Kí n wá jókòó níwájú, kí n máa wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì lára ọmọ mi? Rárá o. Oògùn tí wọ́n fi sára aṣọ yìí níbi tí wọ́n ti hun ún ló ń bá mi jà. Màá fọ̀ ọ́."

Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í sá ṣẹ́dà sóòrùn kó má baà pọ́n, nítorí náà abẹ́ igi ńlá ẹ̀yìnkùlé ló sá a sí. Nígbà tó ká a wọlé, sísín rẹ̀ le ju ti àná lọ. Ó tún un fọ̀, ó tún un sá síbòji. Nígbà tó ká a lẹ́ẹ̀kejì, ológbò ilé pàápàá sín.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Ìyàwó mi, kí ló wà lókè okùn tó ò ń sáṣọ sí?"

"Igi ni, Ìyá."

"Kí ni igi náà ń ṣe?"

Ìyá Aránṣọ yọjú. Igi náà ti tanná pitimu. "Ó ti tanná. Àmọ́ kò tíì tó àkókò rẹ̀."

"Àkókò wo? Nígbà tí èmi wọlé yìí níyàwó, òjò ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀ kó tó yọ òdòdó, òjò náà á sì máa fọ eruku rẹ̀ dànù. Ní báyìí ooru ń ṣáájú òjò dé. Ojú ọjọ́ ti yí, igi ò mọ oṣù mọ́. Ó ń yá tanná, òdòdó rẹ̀ kì í sì í tètè rẹ̀ dànù. Gbọn aṣọ yẹn sórí nǹkan dúdú."

Nǹkan dúdú tó wà nítòsí ni ṣòkòtò tuntun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Ó gbọn aṣọ sí i lórí, eruku òdòdó sì bò ó bí ìyẹ̀fun àgbàdo pípọ́n.

"Ṣòkòtò mi," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ fara dà á, ẹlẹ́rìí ni."

Ẹ̀rín pa Ìyá Aránṣọ. Aṣọ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ wọlé láràárọ̀. Wọ́n tún fọ aṣọ náà, wọ́n fà á kọ́ sí yàrá inú, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n fi àkísà tútù nu ilẹ̀. Ìyá Aránṣọ wá so áńkáṣíìfù mọ́ imú àtẹnu, ló bá di pé kò síbi tó máa há píìnì sí. Ọmọ rẹ̀ há a sáàárín ètè tirẹ̀, ó ń yọ ọ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí dáa," ni ìyá wí. "Mò ń sọ̀rọ̀, o ò lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, aṣọ náà bá ọmọ lára mu bí awọ ẹyin. Ìyá Aránṣọ jókòó níwájú, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó ti dé ilé wọn láàárọ̀, ooru sì mú un, ló bá lọ dúró sábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ ọmọ náà, ó la ẹnu, ó sín. Ó tún sín.

"Ó ní òun gbà," ni ìyàwó wí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Aránṣọ dìde, ó na áńkáṣíìfù rẹ̀ sí ọkọ ìyàwó.

"Sísín yìí fi hàn pé tiwa ni," ni ìyá ọkọ Ìyá Aránṣọ wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ fa ọmọ lé e lọ́wọ́."