Fi Ọmọ Yẹn Sílẹ̀ Fún Mi

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ni Kerwin Archibold fọ́ Trent Mabry lẹ́rẹ̀kẹ́, ní pápá béésìbọ́ọ̀lù ìlú Pell Creek, ní Iowa. Kò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù, Mabry, ará ẹgbẹ́ kejì, ló di igi mú láti gbá a padà, bọ́ọ̀lù sì já bọ́ mọ́ Kerwin lọ́wọ́, ó lọ tààrà sí ojú ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ẹni tó wà lórí ìjókòó ló gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n gbé Mabry lọ sílé ìwòsàn, Kerwin sì dúró lórí òkìtì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ò wá bá a níbẹ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni Kerwin nígbà náà. Bluefields ló ti wá, ní etíkun Nicaragua, níbi tí àwọn èèyàn dúdú ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì nínú ẹgbẹ́ ní kì í ṣe ara àwọn, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní àwọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Nítorí náà, ó dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ mú un wá: ó gùn, ó le, bọ́ọ̀lù tó bá sì tibẹ̀ jáde, ojú lásán ò lè bá a. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ kì í mọ ibi tó ń lọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Mabry, ó wá burú sí i. Kò lè ju bọ́ọ̀lù sún mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí onígi bá ti dúró síwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sá, bọ́ọ̀lù á gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ jìnnà réré, ahánbọ́ọ̀lù tó lóṣòó lẹ́yìn onígi á máa fò kiri bí ẹni ń lé ẹyẹ. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ bo orí yín o! Archibold ti dé!"

"Ẹ ra awò ojú fún un!"

Nínú bọ́ọ̀sì, báàgì ló máa ń jókòó tì í. Àwọn ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún un bí ẹni pé ohun tó ń ṣe é máa ń ran èèyàn. Ó lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan láti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mabry. Ó dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó wo fèrèsé òkè títí, ó sì padà sílé. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Lyle Vanderkooi ló ń kọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀, Joanne, ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé Oregon, ó sì máa ń pè é nígbà Kérésì. Yàrá méjì ló ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù ìṣó àti ọ̀dà. Ọjọ́ tí Tillman, ọ̀gá ẹgbẹ́, pè é wọlé, ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Lyle, àwọn ọ̀gá wa lókè ti pè. Wọ́n ní ká jẹ́ kí ọmọ Nicaragua yẹn máa lọ sílé."

"Kí ni o sọ fún wọn?"

"Kí ni kí n sọ? Ṣé ẹ̀yin náà ò rí i ni? Bọ́ọ̀lù ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò."

"Fi ọmọ yẹn sílẹ̀ fún mi. Má fi í sínú ìdíje kankan. Títí di oṣù kẹjọ."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe fún un?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Tillman rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù, ó sì bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn yòókù tó dé, àwọn méjèèjì wà ní pápá. Lyle dúró sí tòsí, bí ìgbà téèyàn ń nawọ́ iyọ̀ sí aládùúgbò, ó ní kí Kerwin ju bọ́ọ̀lù sí òun. Òun náà jù ú padà. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn títí oòrùn fi mú.

"Kóòṣì," Kerwin sọ nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, "kí lẹ fẹ́ kí n yí padà?"

"Kò sí."

"Kò sí kẹ̀? Ibi tí mo ti wá, wọ́n ní kí n gbé ìgúnpá sókè. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Òmíràn ní ẹsẹ̀ mi ló gùn jù."

"Ẹsẹ̀ ẹ gùn lóòótọ́. Ju bọ́ọ̀lù."

"Eré ọmọdé leléyìí, Kóòṣì."

"Ọmọdé kì í ronú kó tó jù ú. Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

Lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, Lyle á sún sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ jẹ ẹyin àti ànàmọ́ díndín nílé oúnjẹ tó wà lẹ́bàá ojú irin. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kerwin á máa wo ojú fóònù rẹ̀ bóyá ìyá rẹ̀ àgbà ti pè, Lyle á máa wo ìta. Ẹni tó bá wò wọ́n láti òkèèrè á rò pé wọ́n ń bínú síra wọn ni.

Ìgbà tí Lyle fi sún sẹ́yìn dé ibi tí onígi ń dúró sí gan-an, bọ́ọ̀lù Kerwin ti ń lọ síbi tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú igi. Lyle mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù keje, ó pe ahánbọ́ọ̀lù kan kó wá lóṣòó, òun fúnra rẹ̀ dé akoto, ó mú igi, ó lọ dúró síbi tí Mabry dúró sí.

"Ẹ kúrò níbẹ̀, Kóòṣì," ni Kerwin wí.

"Jù ú síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà mi. Ibẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ ahánbọ́ọ̀lù wà."

"Mi ò jù ú."

"Ó dáa."

Lyle ò kúrò. Kerwin jókòó sórí koríko, ó gbé bọ́ọ̀lù sórí itan. Oòrùn gòkè. Ahánbọ́ọ̀lù bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. Nígbà tó yá, Lyle sọ igi kalẹ̀. "Ọ̀la," ló wí.

Ọ̀la dé, bákan náà ni. Ọ̀tunla dé, bákan náà ni. Àwọn tó ń gé koríko pápá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí bàbá àgbàlagbà tó ń gbé igi dúró níwájú ẹni tí kò ju nǹkan kan. Lyle ò bá Kerwin jà, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó ń dé, ó ń dúró, ó ń lọ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, Kerwin dìde, ó sì jù ú. Bọ́ọ̀lù náà bá Lyle ní ìhà. Ó fi eékún kan kúnlẹ̀, kò lè mí. Kerwin sáré dé, ojú rẹ̀ ti ń ṣomi.

"Ẹ má bínú, Kóòṣì! Mo sọ fún yín! Mo ṣáà sọ fún yín!"

Lyle di ìhà mú, ó ń wá èémí. "Ó dùn mí," ló wí nígbà tó rí i. "Kí n má purọ́ fún ẹ, ó dùn mí gan-an. Mi ò kú. Padà síbi tó o wà."

"Kóòṣì..."

"Mo ní padà síbẹ̀."

Ó dúró, ó gbé igi sókè, apá kan ara rẹ̀ tẹ̀. Kerwin jù ú. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà kan náà, ó wọ inú ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú ìró tó mú kí àwọn agékoríko yíjú wò.

Nínú oṣù kẹjọ, ẹgbẹ́ Mabry padà wá sí Pell Creek. Kerwin ń sáré lẹ́bàá ọgbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó rí Mabry tó ń bọ̀ wá bá a. Àpá kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni Archibold, àbí?"

"Èmi ni. Mo wá sí ọsibítù nígbà yẹn. Mi ò lè wọlé."

"O ṣeun tí o ò wọlé. Ojú mi dà bí elégédé." Mabry fi ọwọ́ pa àpá náà. "Mo fi ọ̀pá ike fa ọbẹ̀ mu títí ó fi sú mi. Ní báyìí mo ti ń jẹ àgbàdo. Gbọ́, wọ́n ní o kì í jù ú sún mọ́ èèyàn mọ́. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi lónìí, màá bínú. Èmi kì í ṣe ẹyin."

Wọ́n ti na Pell Creek dáadáa kí Tillman tó gbà kí Kerwin bọ́ sórí òkìtì. Mabry ló dúró síwájú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gba òkèèrè lọ, àwọn òǹwòran hó. Mabry kúrò lójú ìlà, ó fi ìka gbá ìhà ara rẹ̀, ó padà. Ahánbọ́ọ̀lù gbé ìbọ̀wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ inú. Kerwin mí kanlẹ̀, ó sì jù ú síbẹ̀. Mabry ò lè gbá a. Ahánbọ́ọ̀lù tún gbé ìbọ̀wọ́ síbẹ̀, Kerwin tún jù ú síbẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí Mabry ti ń retí rẹ̀. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù fò kọjá ọgbà, ó bọ́ sí oko àgbàdo.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pàtẹ́wọ́.

"Kí lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún?" Tillman bi Lyle. "Wọ́n gbá a sínú oko!"

"Ṣé o rí ibi tí ìbọ̀wọ́ wà?"

"Mo rí i."

"Ibẹ̀ náà ló jù ú sí."

Kerwin wo bọ́ọ̀lù náà títí ó fi bọ́ sílẹ̀, ó gba òmíràn, ẹni tó tẹ̀ lé Mabry ò sì rí tirẹ̀ gbá. Kò dára lọ títí lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ á tún sá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá lókè gbọ́ ohun tí Tillman sọ fún wọn, wọn ò lé e mọ́, wọ́n ní kó lọ máa ṣe ìdánrawò ní Arizona.

Lyle ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ìhà rẹ̀ ṣì ń dùn ún nígbà tó bá yí ọkọ̀.

"Ta lẹ máa bá jẹun àárọ̀ báyìí, Kóòṣì?"

"Mo ti ń dá jẹun kí wọ́n tó bí ẹ."

Kerwin gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbá Lyle mọ́ra lọ́nà tó le jù, Lyle sì fi ara dà á. Nígbà tí Lyle padà dé Pell Creek, wọ́n ti fi tapólì bo òkìtì. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń ronú ẹni tó lè pè kó sọ fún un pé ọmọ náà ti lọ. Kò rántí ẹnì kankan.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Kerwin wà ní ẹgbẹ́ kan ní Tennessee tó ju ti Pell Creek lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí Pell Creek ò bá gbá bọ́ọ̀lù, Lyle máa ń wá rédíò wọn lórí fóònù, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Ó ń gbọ́ bí Kerwin ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sún mọ́ àwọn èèyàn. Nígbà mìíràn wọ́n á gbá a jìnnà, nígbà mìíràn wọn ò ní rí i rárá. Akéde ibẹ̀ ò mọ orúkọ rẹ̀ pè. Archibald ló ń pè é ní gbogbo ìgbà.

"Archibold," ni Lyle á sọ nínú yàrá náà. "Archibold ni."