Awò Mẹ́fà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá

Odidi oṣù mẹ́jọ ni awò mẹ́fà fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ìwé wa, tí náílọ́ọ̀nù ò kúrò lára wọn. Irú awò tó ń sọ ohun tójú lásán ò lè rí di ńlá ni. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ni mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó ń fowó ṣèrànwọ́ fún ilé ìwé ìjọba, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi gba awò náà wọlé. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni mo ṣì fi ń ya inú àlùbọ́sà sójú pátákó.

"Bí wọ́n bá bàjẹ́ kí àwọn tó fún wa tó wá yẹ̀ wọ́n wò ńkọ́?" Ọ̀gá ní. "Tíṣà, bí iṣu ẹni bá ta, ńṣe là á fọwọ́ bò ó jẹ."

"Ẹ fọwọ́ bò ó lóòótọ́, sà. Ẹ ò wá jẹ ẹ́."

Ó ní kí n jáde.

Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun ọ̀sán. Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tí a ń pè ní Oníbéèrè, ti bi mí tó ìgbà ogún bóyá ohun tí mò ń yà yẹn wà lóòótọ́. Ṣé bó ṣe máa lọ nìyẹn?

Nílé, mo ní kí ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, yá mi ní sikurudíráfà.

"Kí lo fẹ́ tú?"

"Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá."

Ó ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ oṣù lo fẹ́ fi ṣeré yẹn o." Ó tún ní, "Kékeré ni kó o mú. Ńlá yẹn á họ pákó."

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá lọ sípàdé, mo tú irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. N ò fọwọ́ kan àgádágodo tí ọ̀gá fi tì í. Èmi àti àwọn ọmọ to awò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí dígí ìdí wọn lè gba oòrùn, a bó awọ fẹ́lẹ́ ara àlùbọ́sà sí i. Oníbéèrè wò ó. Nígbà tó yá ó ní, "Àǹtí, ó pín sí yàrá yàrá lóòótọ́ o." Mo pe ẹni tó kàn.

Ọ̀gá dé, ó pariwo. Mo ní kó wá gbà wọ́n lọ́wọ́ ọmọ ogójì. Kò wá.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin kan wá láti ẹgbẹ́ tó fún wa ní awò. Ọ̀gá sáré ṣáájú: "Ẹ má bínú, mà. Olùkọ́ yìí ló sọ wọ́n di àlòkù. Ọ̀kan tiẹ̀ ti ṣubú."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ awò, ó la ojú méjèèjì sílẹ̀. Oníbéèrè fà á láṣọ.

"Ẹ di ojú kan, mà. Ẹ wá rọra yí i."

Ó wò ó pẹ́. Ó bi ọ̀gá pé, "Ṣé ẹ̀yin náà ti wò ó rí?" Ọ̀gá ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí òun ráyè.

Bí àlejò ṣe lọ tán ni ọ̀gá kọ̀wé sí mi, pé kí n sọ ìdí tí ìyà ò fi ní jẹ mí lórí ilẹ̀kùn ìjọba tí mo tú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, mo kọ èsì lójú ẹ̀: "Èmi ni mo tú u. Ọmọ ogójì ti rí inú àlùbọ́sà. Bí ẹ bá tún tì í, n óò tún tú u." Mo buwọ́ lù ú.