Àga Kan Ṣoṣo

Ẹ̀gbọ́n tún ti jókòó. Ìdí rẹ̀ ba àga, orin dákẹ́, àbúrò rẹ̀ sì wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn.

"Ẹ tún ti gbà á, Àǹtí mi," ni Abẹ́rẹ́ wí látorí ilẹ̀. Aránṣọ ni, ara rẹ̀ sì tín-ín-rín. Orúkọ ìnagijẹ náà bá a mu tọ̀tún tòsì.

Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Lọ́la ni yóò gbé ijó yìí síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ ijó. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá láti ìta, kí àwọn méjèèjì jọ dá ijó kan sílẹ̀ lórí ìdíje. Òun ló mú àbá àga kan, oníjó méjì wá. Abẹ́rẹ́ ló ní kí wọ́n má pinnu ẹni tí yóò jókòó, kí wọ́n máa dù ú lóòótọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Abẹ́rẹ́ kò tíì jókòó rí. Abẹ́rẹ́ yìí kan náà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sáré lọ́mọdé, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó mú fóònù tó fi ń ká ijó náà sílẹ̀, ó sì rọra wo fọ́nrán rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló ṣíwájú. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kan àga, ó gbé gìgísẹ̀ ọ̀tún sókè, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Ó ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti rí gìgísẹ̀ yẹn rí. Ní ọjọ́ ìdánwò ìgbàwọlé ni. Ó ku àyè kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì nìkan ló sì kù lórí pèpéle. Àbúrò rẹ̀ gbé gìgísẹ̀ sókè báyìí, orin sì fi í sílẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n wọlé. Abẹ́rẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Ẹ̀gbọ́n na fóònù náà sí i. "Àti lọ́jọ́ ìdánwò."

Abẹ́rẹ́ ń gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ fi gbogbo òru sunkún pé ẹ ò ní wọlé. Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ò bá jẹ́ kí n fìdí rẹmi! Ìwọ náà kọ́ lo ní ká máa dù ú lóòótọ́ ni?"

"Mo fẹ́ wò ó bóyá mo ṣì lè dù ú ni." Abẹ́rẹ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ò gbà mọ́."

Omi bọ́ lójú Ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀: lọ́tẹ̀ yìí, òun ni yóò dúró.

Orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí àga ká, èjìká ń kan èjìká. Bí orin ṣe fẹ́ tán, Ẹ̀gbọ́n bẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó dúró.

Igi àga tutù lábẹ́ rẹ̀. Ó ti jókòó. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, Abẹ́rẹ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.